Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Yí Omi Ká Nítorí Oorun Àyọ̀ká

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó mu ún báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó fi iyàn rẹ̀ sábẹ́ àga títí n ó fi sọ tán. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí yí omi ńlá kan ká, kò sì dáa kí ènìyàn bọ́ sómi lágbedeméjì.

Ọdẹ kan wà ní Ìdí-Ahùn tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ó ga bí òpó, ara rẹ̀ kò lẹ́ran, ojú rẹ̀ kan sì kéré ju èkejì lọ nítorí pé òun ló fi ń wo ẹnu ìbọn láti kékeré. Ó pa ẹfọ̀n, ó pa ìkokò, ó pa ẹkùn kan tí ìyàwó rẹ̀ ní ológbò ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kì í tètè parí.

"Igbó mọ̀ mí," ni yóò wí. "Bí mo bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, ṣe ni àwọn igi máa ń dìde dúró."

Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Wọ́n ti wà ní ìdúró kí ẹ tó dé, Bàbá Níyì."

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn títí ìjọba fi dé. Ìjọba ní àwọn fẹ́ sé odò kí àwọn ará ìlú ńlá lè rí omi ẹ̀rọ mu, kí Ìdí-Ahùn kó lọ sórí òkè. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wọn. Àwọn ènìyàn kó ìkòkò, wọ́n kó adìẹ, wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ fèrèsé, àwọn mìíràn ká páànù orí ilé bí ẹni ká ẹní. Omi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó bo ilé, ó bo ọjà, ó bo ìdajì igbó, ó wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí màlúù tó yó.

Ìjọba la ọ̀nà kan yí omi náà ká. Wọn kò da ọ̀dà sí i. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí ni wọ́n dà sórí rẹ̀, igbó wà lápá ọ̀tún, omi wà lápá òsì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀, kò sì padà wá. Láti ìgbà náà, mọ́tò kò gba ọ̀nà yẹn mọ́, alùpùpù náà kò gbà á. Ewé ń já sílẹ̀ níbẹ̀, a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé orí òkè ni Àyọ̀ká kò ti sùn. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n ní ilé tuntun ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ keje, wọ́n ní kó mu àgbo. Ó mu àgbo, àgbo sùn, òun kò sùn. Nígbà tó di ogójì ọjọ́, ó ti ń fi iyọ̀ sínú ẹ̀kọ, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá, ó ń kí ewúrẹ́ pé ẹ kú ilé. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta. Ọdẹ́rìndé tí kì í dákẹ́ wá dákẹ́. Bí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà ṣe tó nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó tì í.

"Àyọ̀ká, níbo lo fi oorun rẹ sí?"

"Ilé àtijọ́," ni Àyọ̀ká wí. "Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, lórí ìṣó tí mo máa ń fi aṣọ kọ́. Gbogbo yín ń kán mi lójú. Mo gbé ọlọ, mo gbé ọmọ ọlọ, mo gbàgbé oorun."

"O gbé ọlọ, o fi oorun sílẹ̀."

"Ta ni yóò fún wa ní irú ọlọ yẹn mọ́?"

Ọdẹ́rìndé wo ilẹ̀. Ó ní, "N ó lọ mú un wá."

"Ẹ ò mọ omi wẹ̀."

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

"Ẹ yára nígbà náà," ni Àyọ̀ká wí, ó ń gbá ilẹ̀ lọ. "Bí n kò bá rí i títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀." Bí ẹni ń sọ pé ata ti tán ló ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ ọjà ku ọjọ́ méjì.

Ọdẹ́rìndé ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan, dúdú, tó wúwo bí ọmọ ẹfọ̀n. Agogo rẹ̀ kò dún mọ́, bíréèkì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Lórí kárià rẹ̀ ló ti ń di ẹran ìgbẹ́ wálé. Ó fún táyà ní atẹ́gùn, ó fi epo sí ṣéènì, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì wà á lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà.

Irin kan dábùú ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ kan sì wà nídìí rẹ̀. Láti ìbàdí lọ sókè, ẹ̀ṣọ́ yìí wọ aṣọ kákí pẹ̀lú bọ́tìnì mẹ́fà. Láti ìbàdí wá sílẹ̀, gbòǹgbò igi ni, ó sì ti wọlẹ̀ jinlẹ̀. Kò sí ọ̀gá kankan tó lè gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Kò sí iṣẹ́ kankan níbí. Mo kàn wà níbí ni. Kí lo gùn yẹn?"

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Ó ń pariwo?"

"Ṣéènì rẹ̀ máa ń han díẹ̀."

"Ìyẹn kò burú. Mọ́tò ni Olómi, ẹni tó ni omi yìí, kò fẹ́. Ó ti ṣèlérí fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí wọn létí. Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Oorun ìyàwó mi."

Kò ya ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́nu. "Gbọ́ òfin, mi ò ní tún un sọ. Wàá yí omi yìí ká lẹ́ẹ̀kan, wàá sì padà wá bá mi níbí. Láti ìgbà tí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ mi títí o fi padà dé, ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Bí ó bá kàn án, Olómi kò ní fún ọ ní nǹkan kan, o kò sì ní lè tún un ṣe."

"Ọdẹ ni mí," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Mo ti lo ọjọ́ méje lórí igi rí láì sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí mi pé òun ń ṣàárò mi."

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wọ́n máa ń yí i ká?"

"Ẹni mẹ́ta ti yí i ká." Ẹ̀ṣọ́ náà gbé irin sókè. "A kì í sọ̀rọ̀ wọn níbí."

Ọdẹ́rìndé gbéra. Òkúta wẹ́wẹ́ ń dún ṣàà, ṣàà lábẹ́ táyà, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà. Òjìji igi dábùú ọ̀nà, omi ń kọ mànà lápá òsì, láàárín omi náà sì ni orí àwọn igi tó ti kú yọ bí ìka ọwọ́ ẹni tó ń béèrè nǹkan. Ọ̀nà náà tẹ́jú, ó dákẹ́. Bí Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ bá dé ibí yìí nínú ìtàn, a máa sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ pé òun kò tíì gun irú ọ̀nà dáadáa bẹ́ẹ̀ rí, àti pé bí kì í bá ṣe ti iwin, òun ì bá máa lọ síbẹ̀ lóṣooṣù.

Kò tíì pẹ́ tó wọ igbó tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn: péẹ́n, péẹ́n. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ló ń bọ̀, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan rù bí ẹni ru igbá ẹ̀kọ, ẹnu ló sì fi ń fọn fèrè náà. Èrò kún inú ọkọ̀ náà dé ẹnu.

"Baba ọlọ́dẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀," ni ọkùnrin náà wí.

Ọdẹ́rìndé yà sí ẹ̀bá. "Kí ló dé tí ọkọ̀ fi wà lórí rẹ?"

"Èmi ni mo wà á wọ ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ̀ má wọ̀ ọ́. Mo ní ọ̀nà tó dáa báyìí, ṣé ó yẹ kó ṣòfò? Olómi yọjú, ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní ó ku díẹ̀ kí n jáde. Ó ní ó dáa, bó bá ku díẹ̀, kí n gbé e rù."

"Báwo ni ohun tó kù ṣe tó?"

"Ó ku díẹ̀."

Ìyá kan yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Dírẹ́bà, láti àná lo ti ń sọ pé ó ku díẹ̀. Àná wo gan-an ni àná yẹn?"

"Màmá, ẹ jókòó dáadáa, ẹ ń jẹ́ kó tẹ̀ sápá kan."

"Ó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọrùn tìẹ ló wọ́."

Dírẹ́bà náà yíjú sí Ọdẹ́rìndé. "Baba ọlọ́dẹ, ẹ wọlé ká jọ máa lọ. Àyè ẹnì kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn."

"Ó dáa bí mo ṣe wà."

"Ẹ óò pẹ́ o," ni dírẹ́bà náà wí pẹ̀lú àánú, ó sì tẹ̀ síwájú bí ìgbín. Ọdẹ́rìndé kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́, ó ṣì ń gbọ́ ìyá náà tó ń sọ pé òun máa bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó bá kàn.

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Igbó dì, ojú ọjọ́ ṣókùnkùn lábẹ́ ewé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Ọdẹ́rìndé ṣàkíyèsí pé kẹ̀kẹ́ ti wúwo sí i. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan orúnkún ẹnìkan. Iwin kan ló jókòó sórí kárià, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, irun imú rẹ̀ sì gùn dé àyà.

"Kò sí ẹni tó pè ọ́," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Kò sí ẹni tó ń pè mí. Àlọ́ mẹ́ta ni mo ní. Èyí tí o bá kùnà, n ó wúwo sí i. Èyí tí o bá gbà, n ó fúyẹ́. Máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ lọ. Ilé kan wà tí gbogbo ará ibẹ̀ dákẹ́, olè kò jà á, iná kò jó o, òjò kò sì jò ó."

Ọdẹ́rìndé rò ó. "Ibojì ni."

"Ilé yín tó wà lábẹ́ omi yìí ni," ni iwin wí, ó sì wúwo bí àpò kòkó kan. Ṣéènì han. "Ìkejì. Aláǹgbá méjì ń lé ara wọn, èyí ẹ̀yìn kò bá ti iwájú láéláé, wọn kò sì fi ara wọn sílẹ̀."

"Ọ̀sán àti òru."

"Ọdẹ yìí ń wo ọ̀nà jíjìn ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn tí o jókòó lé lórí ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó wúwo bí abo ẹfọ̀n tó lóyún. Táyà ẹ̀yìn rì sínú òkúta wẹ́wẹ́. Ọdẹ́rìndé dìde dúró lórí pẹ́dà, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ náà sì ń lọ bí ẹni tó ń ronú bóyá kó dúró. Ó ń gbọ̀n sápá ọ̀tún, ó ń gbọ̀n sápá òsì. Ìwọ̀n ìka kan ló kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ìkẹta," ni iwin wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "À ń wá a, à ń wá a. Ní ìṣẹ́jú tí a bá rí i, a kì í mọ̀ pé a ti rí i."

Ọdẹ́rìndé kò ronú rárá. Ogójì ọjọ́ ló ti fi ń wo ẹni tó ń wá a.

"Oorun ni."

Ara iwin náà ń fúyẹ́, ó ń fúyẹ́, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. "Ta ló sọ fún ọ?" ni ó béèrè. Kí Ọdẹ́rìndé tó dáhùn, atẹ́gùn orí òkè ti gbé e lọ.

Ibí yìí ni Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ máa ń dúró bó bá ń sọ ọ́ níta gbangba. Á ní, "Ẹ kà á fún mi, ọdẹ mélòó lẹ mọ̀ tó gbé abo ẹfọ̀n tó lóyún gòkè lórí kẹ̀kẹ́?" Baba kan a sì máa dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "O ní iwin ni tẹ́lẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Lẹ́yìn òkè ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń wà. Ọ̀nà náà já sísàlẹ̀, ó sì já sínú ìlú kan tó ń jẹ́ Ẹ-Kí-Wa. Àgbà nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ti pé igba ọdún, òun ni wọ́n sì ń rán níṣẹ́. Wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì lórí ẹní àti àpótí, wọn kò sì ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n máa retí ìkíni.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú èyí. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi kẹ̀kẹ́ ti igi, yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò súre fún un, kó tó tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wolé-wolé tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, òun pàápàá máa ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó wo inú àmù yín. Bí Ọdẹ́rìndé bá kọjá láì kí ìlú yìí, èpè wọn yóò bá a délé. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ó tán fún Àyọ̀ká.

Bíréèkì kò sì wù ú láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọdẹ́rìndé gbé àyà lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ sẹ́yìn lórí kárià. Ó dojú bolẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń lọ fúnra rẹ̀. Báyìí ló ṣe wà ní ìdọ̀bálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà títí dé òpin rẹ̀, tó ń wí pé, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin baba. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá."

Àwọn àgbà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú.

"Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn?" ni ọ̀kan béèrè.

"Àyà rẹ̀ dojú kọlẹ̀."

"Orí irin ni àyà rẹ̀ wà."

"Orí ilẹ̀ ni irin wà."

"Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣubú ni."

"Ẹni tó ń ṣubú kì í kí ni pé ẹ kú ìjókòó."

"Ọmọ ta tilẹ̀ ni?"

"Ó ti lọ."

"Ó dáa, ẹ súre fún ẹ̀yìn rẹ̀."

Wọ́n súre fún ẹ̀yìn rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ni ìre náà bà, táyà náà kò sì jò mọ́ títí di òní.

Ọdẹ́rìndé jókòó padà, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí ara rẹ̀. Ó ti rí irin ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ku bí ìró ìbọn kan. Ó ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ nílé.

Ó wá rí obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí omi ti súnmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ jù. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo, omi ń kán láti etí ìró rẹ̀. Ìyá Àyọ̀ká ni. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló ti kú. Ó wá gbé ọmọ fún Àyọ̀ká nígbà tó bí Níyì, kò padà sílé rẹ̀ mọ́, inú yàrá Àyọ̀ká ní ilé àtijọ́ ni wọ́n sin ín sí. Irun orí rẹ̀ ṣì wà bí Àyọ̀ká ṣe dì í fún un lọ́jọ́ tó kú.

Lórí itan rẹ̀, oorun Àyọ̀ká wà níbẹ̀, ó ká a dáadáa bí aṣọ òkè.

Ọdẹ́rìndé ti gbé àyà lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ṣe fún igba àgbà, ó lè ṣe é fún ẹnì kan. Ìyá náà kàn sún àwo ẹ̀gúsí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè wà níwájú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Ọdẹ́rìndé wo irin ẹ̀ṣọ́. Ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Ohun kan wà tí ènìyàn lè fi ọgbọ́n gbà kọjá, ohun kan sì wà tí kò ṣe é gbà kọjá.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó gbé ìbọn kúrò léjìká, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́, òkúta náà sì tẹ̀ ẹ́ láyà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá."

Ìyá Àyọ̀ká kò tètè ní kó dìde. Ó bó ẹ̀gúsí mẹ́rin.

"Bàbá Níyì. Nígbà tí o dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí kẹ́yìn, ìyàwó lo wá gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí lo wá gbà lónìí?"

"Ìyàwó náà ni."

Ìyá náà mi orí. "Ẹ kó lọ."

"Ìjọba ló ní..."

"N kò béèrè ìjọba. Ẹ dágbére fún kànga. Ẹ dágbére fún igi ahùn. Ẹ fi obì síwájú òkúta ààlà ọjà, ẹ ní kó má bínú. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́ láti inú yàrá. Mo ti tún ìró mi ró, mo jókòó, mo ń retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Omi ló kàn án."

Ojú Ọdẹ́rìndé wà nínú òkúta. "Mo rò pé Àyọ̀ká ti sọ fún yín."

"Àyọ̀ká rò pé ìwọ ti sọ fún mi. Mo mọ̀. Ohun tí ẹni méjì bá rò pé ẹnì kejì ti ṣe, kì í di ṣíṣe." Ó fọwọ́ pa oorun tó wà lórí itan rẹ̀. "Mo mú èyí kúrò lórí ìṣó kí ó lè rántí pé òun gbàgbé nǹkan kan. Ọlọ ló rántí."

"Ẹ̀yin lẹ fún un ní ọlọ náà."

"Ọlọ tó dáa ni," ni ìyá náà gbà. "Dìde."

Ọdẹ́rìndé dìde sórí orúnkún.

"O lè mú un lọ. Àmọ́ omi tutù níbí, Bàbá Níyì, èmi nìkan ni mo sì wà nínú ilé yẹn. N kò lè gbé nǹkan kúrò lórí ìṣó kí ìṣó náà ṣófo."

Ọdẹ́rìndé na ìbọn rẹ̀ sí i.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìbọn pa?"

Ó ṣí fìlà.

"Ó tutù ní orí nìkan?"

Ọdẹ́rìndé jókòó lórí gìgísẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ sábẹ́ dàńsíkí, ó fa oorun tirẹ̀ yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá Àyọ̀ká tú u wò. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Ó kéré."

"Oorun ọdẹ ni, Ìyá. Ojú kan ni mo fi ń sùn ún."

"Ó ń rùn bí ẹ̀tù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Mo ti bo ara mi pẹ̀lú èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fi í wé èjìká, ó sì gbé ti Àyọ̀ká lé e lọ́wọ́. Ó wá ń wò ó, Ọdẹ́rìndé sì mọ ohun tó kù.

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, a ti kó lọ o. Orí òkè la wà báyìí, ilé kẹta láti ẹnu ọ̀nà, ó ní fèrèsé méjì. Níyì ti ga tó èjìká mi. Ó dàbọ̀ o."

"Ó dàbọ̀," ni ìyá náà wí. "Ẹ máa kí wọn." Ó gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀, ó rìn wọ inú omi, omi sì padé lórí irun dídì náà láì ru.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo yangí tó wà níwájú orí rẹ̀.

"O sọ̀ kalẹ̀."

"Mo rí àna mi."

"Olómi kò ní fún ọ ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wà lórí kárià rẹ?"

"Ohun tí àna mi fún mi."

Ẹ̀ṣọ́ náà ronú títí ewé méjì fi já lára ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ohun tó bá wà láàárín ènìyàn àti àna rẹ̀, èmi àti Olómi kì í dá sí i," ni ó wí, ó gbé irin sókè. "Àwọn mẹ́ta tí mo sọ fún ọ, wọ́n rí ìyá wọn lọ́nà, wọ́n ju ọwọ́ sí i láì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè, wọ́n gbà á. Máa lọ sílé."

Ọdẹ́rìndé bá Àyọ̀ká níbi tó ti ń gbá ilẹ̀. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi oorun náà bò ó lórí. Kí Àyọ̀ká tó béèrè pé kí nìyí, ó ti wó sí i lápá. Ọjọ́ ọjà dé, ọjọ́ ọjà kọjá, kò jí. Kò sí ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó jí, ó jókòó, ó wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ lọ bá ìyá mi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo lá àlá wọn. Kí lẹ mú lọ́wọ́ lọ?"

Ọdẹ́rìndé wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo, Bàbá Níyì?"

"N kò mọ̀ pé n ó bá wọn. Oorun mi ni mo fi sílẹ̀ fún wọn."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Kò pọ̀ tẹ́lẹ̀."

Oòrùn ń yọ, àwọn ará ilé ti ń jáde lọ sóko. Àyọ̀ká wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó dé orí òkè: ojú náà pọ́n bí ata. Ó wò ó títí. Ó wá gbá etí oorun náà mú, ó ṣí i sókè lápá kan.

"Ẹ máa bọ̀," ni ó wí. "Ìyá mi kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọmọ. Ó gba ẹni méjì."

Ọdẹ́rìndé bọ́ bàtà, ó wọlé sábẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sùn ún nìyẹn láti ìgbà náà. Ọdẹ́rìndé ń rojọ́ káàkiri pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, Àyọ̀ká á fa gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ òun sílẹ̀ sí òtútù. Àyọ̀ká ní irọ́ ni, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gùn jù. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni mo ṣe gbé e wá fún yín. Irọ́ tó bá wà níbẹ̀, Ọdẹ́rìndé ló fi í síbẹ̀; èmi kò bù ju iyọ̀ lọ.